«Ríro ìwé» kọ́, àṣàyọ ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá «ríro ìwé» lábàá fún ohun tí àwa òṣìṣẹ́ láíbìrì ń pè ní weeding, ẹ ṣeun. Àlàyé yín ni pé bí àgbẹ̀ ṣe ń roko kí èpò má baà fún irúgbìn pa, bẹ́ẹ̀ náà ni à ń yọ ìwé tí kò wúlò mọ́ kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọn.

Ta ló gbin èpò? Kò sẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kan ní láíbìrì yunifásítì tí a kò fọwọ́ ara wa gbà wọlé, tí a lu òǹtẹ̀ sí, tí a fún ní nọ́ńbà. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá gbọ́ «ríro», ohun tó máa yé e ni pé kó hú u dànù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà gan-an. Abẹ́òkúta níbí ti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 1988. Nínú ètò Library of Congress tí a fi ń pín ìwé sí ìsọ̀rí lórí pẹpẹ, abala S ni ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ń wà. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ni láti fi oògùn DDT pa kòkòrò oko, èyí tí Amẹ́ríkà ti fòfin dè láti 1972. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ̀ lé e lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ṣé ká wá jù ú nù ni? Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n yá a kẹ́yìn, á yẹ kátálọ́ọ̀gù wò bóyá ẹ̀dà tuntun ti dé, á bi àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń ṣèwádìí ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ máa wá a kiri. Yàrá ìpamọ́ ló ń lọ nígbà náà, kì í ṣe ààtàn. Ìwé Ìròhìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nílùú wa yìí ní 1859 ńkọ́? Bí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀dà rẹ̀ bá ti fojú èpò wò ó torí pé ó gbó, báwo la ṣe fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nílẹ̀ Ẹ̀gbá ayé ìgbà náà?

Ilé ìdáná ni èmi yóò ti mú ọ̀rọ̀ tèmi. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kì í kánjú. Ó ń wo hóró kọ̀ọ̀kan. A ti ní «àṣàyàn» fún ìwé tí à ń mú wọlé. Ẹ jẹ́ ká pe ti èyí tó ń jáde ní «àṣàyọ». «Ṣà» kan náà ló wà nínú méjèèjì, ojú kan náà la sì fi ń ṣe é. Ẹnìkan lè sọ pé ó jọ «àyọkà», bí ẹni pé èyí tó dára jù la yọ. Òótọ́ ni. Níbi tó bá ti lè rú ni lójú, ẹ kọ «àṣàyọkúrò».

Ní ti «àkójọ» tí wọ́n tún dá lábàá fún gbogbo ìwé tí láíbìrì ní, mo gbà á láìjanpata. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì mìíràn, kí lẹ ń pe weeding láàárín ara yín?