Báǹkì kò fi adójútòfò omíyalé ṣe dandan fún wa: ṣé kí a fi sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbé ní etíkun Texas, mo kí yín o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ilé kan ní League City, ní káńtì Galveston. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ àjálù, yà, agbègbè X ni ilé náà bọ́ sí, ìyẹn ni pé wọn kò kà á mọ́ ibi tí ewu omíyalé ti pọ̀ jù. Báǹkì tí yóò yá wa lówó sọ pé kò pọn dandan kí a ní adójútòfò omíyalé, ẹni tí ń bá wa ṣètò ilé náà sì ní kí a má wulẹ̀ náwó sí i. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn àdúgbò náà, òkun kò sì jìnnà. Ṣé adójútòfò ilé tí a ó kúkú gbà kò ní san nǹkan kan bí omi bá wọlé ni? Bí kò bá ní san án, kí ni èyí tí ó jẹ́ ti omíyalé lọ́tọ̀ ń san gan-an?

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Ẹ kú ètò ilé tuntun, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ gbé ibẹ̀ pẹ́. Adójútòfò ilé lásán kì í san kọ́bọ̀ lórí omi tí ó bá ti ìta ya wọlé. Bí páìpù bá bẹ́ nínú ilé yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n san án, ṣùgbọ́n bí odò bá kún tàbí tí òkun bá ya wọ ìgboro, ìwé wọn ti yọ ìyẹn sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí ó mú kí ìjọba àpapọ̀ dá ètò adójútòfò omíyalé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NFIP sílẹ̀ ní 1968 nìyẹn, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń sá fún ewu omíyalé.

Ní ti agbègbè X, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ báǹkì ṣe òdiwọ̀n. Òfin 1973 ni ó fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá yáwó lọ́wọ́ báǹkì tí ìjọba àpapọ̀ ń mójú tó, láti ra ilé nínú agbègbè ewu ńlá, gbọ́dọ̀ ní adójútòfò omíyalé. Ibi tí òfin dé ni báǹkì ń wò, kì í ṣe ibi tí omi lè dé. Agbègbè ewu ńlá yìí ni ibi tí ó kéré tán ní ìdá 1 nínú 100 láti kún lọ́dọọdún, èyí tí ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún 30 ọdún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń san owó ilé, ó di ìdá 26 nínú 100. Ilé tí ewu tirẹ̀ fi díẹ̀ péré dín sí èyí, X ni wọn yóò kọ sí i lára. Kódà, X méjì ni ó wà lórí àwòrán náà, èyí tí wọ́n kùn àti èyí tí wọn kò kùn. Ewu èyí tí wọ́n kùn wà láàárín ìdá 1 àti ìdá 0.2 nínú 100 lọ́dún. Ẹ wádìí èyí tí tiyín jẹ́.

Nígbà tí ìjì líle Harvey dúró lé wa lórí ní oṣù kẹjọ 2017, òjò tí wọ́n wọ̀n ní Nederland lé ní ínǹṣì 60. Odò Dickinson Bayou, ní káńtì Galveston níbí, kún kọjá bèbè rẹ̀ wọ inú ilé. Ní káńtì Harris tí ó múlé gbè wá, ilé tí omi wọ̀ lé ní 150,000, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kò sì sí nínú agbègbè ewu ńlá rárá. Mo wà lára àwọn tí ó lọ bá àwọn ará ìjọ wa palẹ̀ ilé mọ́ ní Dickinson. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé ara ògiri kúrò láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n àyà, nítorí pé omi ti fà gòkè nínú rẹ̀ kọjá ibi tí ìlà ẹrẹ̀ hàn dé, a sì ń kó kápẹ́ẹ̀tì, àga àti fìríìjì sí etí títì títí òkìtì wọn fi ga ju ọkọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn onílé wọ̀nyẹn ni kò ní ìwé adójútòfò omíyalé kankan lọ́wọ́.

Ìdáhùn kejì

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìdí tí ó fi yẹ kí ẹ gbà á. Kí èmi tí mò ń ta ìwé adójútòfò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbínú ti máa ń wáyé lẹ́yìn tí omi bá ti bà á jẹ́ tán.

Iye tí NFIP lè san jù lọ lórí ilé ìdílé kan ni dọ́là 250,000, ti ẹrù inú rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 100,000. Ọ̀tọ̀ ni ti ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù, kálukú wọn ni ó sì ní iye tí ẹ ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ti ilé nìkan kò ní rí nǹkan kan gbà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá ń gbé inú ilé náà fúnra yín, tí iye tí ẹ fi dójú rẹ̀ sì tó ìdá 80 nínú 100 owó tí wọn yóò fi tún un kọ́, owó àtúnkọ́ ni wọn yóò san. Àmọ́ ní ti ẹrù, iye tí ó kù tí ó tó lẹ́yìn tí ẹ ti lò ó ni wọn yóò fún yín, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí owó àga tuntun lórí àga ọlọ́dún mẹ́wàá. Owó òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó sùn sí nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ náà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ìwé náà kì í ṣiṣẹ́ títí 30 ọjọ́ yóò fi pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, nítorí náà ẹni tí ó dúró di ìgbà tí wọ́n ń dárúkọ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń yáwó ra ilé lọ́wọ́ ní àǹfààní kan: bí ẹ bá béèrè fún un, tí ẹ sì san owó rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé owó ilé tàbí lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí pé ẹ ń dúró de 30 ọjọ́.

Ìdáhùn kẹta

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n owó ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Láti oṣù kẹwàá 2021 fún àwọn ìwé tuntun, FEMA kì í fi agbègbè X tàbí AE (ọ̀kan nínú àwọn agbègbè ewu ńlá) díye lé adójútòfò mọ́. Wọ́n ń wo bí ilé ṣe jìnnà sí omi tó, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ga sí, irú ìpìlẹ̀ tí ó dúró lé, àti iye tí yóò náni láti tún un kọ́, tí ó fi jẹ́ pé ilé méjì tí wọ́n jọ wà ní X lè máa san owó tí ó jìnnà síra wọn. Ẹni tí ó ti ní ìwé tẹ́lẹ̀ lórí ilé tí ó ń gbé, òfin kò jẹ́ kí owó rẹ̀ fi ju ìdá 18 nínú 100 lọ fò sókè lọ́dún. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ilé bóyá ó ní ìwé NFIP, nítorí pé ó lè fà á lé yín lọ́wọ́, kí ẹ lè máa bá owó rẹ̀ lọ níbi tí ó dé. Láti 2019 ni òfin Texas ti mú un ní dandan pé kí ẹni tí ń ta ilé kọ ọ́ sínú ìwé bí omi bá ti wọ ilé náà rí. Ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó ka ìwé mìíràn.

Ẹ má gbàgbé ìjì fúnra rẹ̀. Ní káńtì wa, ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ilé ni kì í san ti ẹ̀fúùfù àti yìnyín, lọ́dọ̀ TWIA, ẹgbẹ́ adójútòfò ẹ̀fúùfù fún etíkun Texas, ni ọ̀pọ̀ ti ń gba ìyẹn. Lẹ́yìn ìjì Ike ní 2008, àríyànjiyàn pọ̀ lórí bóyá ẹ̀fúùfù ni ó wó ilé tàbí omi ni ó gbé e lọ, ẹni tí ó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwé méjèèjì ni ìyà jẹ jù.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. A kò tíì fọwọ́ sí ìwé owó ilé. Bí owó tí wọ́n bá pè bá ga jù fún wa, ṣé kí a kọ́kọ́ mú ti ilé, kí a fi ti ẹrù sílẹ̀?

Ìdáhùn kejì

Kí ẹ tó fi ti ẹrù sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní iye tí ẹ ó san bí ẹ bá gbé owó tí ẹ ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san sókè. Ó lè dé dọ́là 10,000, owó ọdọọdún yóò sì dín. Ẹ sì béèrè iye tí dọ́là 30,000 tàbí 40,000 lórí ẹrù yóò jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ ra 100,000 dandan. Bí kò bá tún ṣeé ṣe, ẹ mú ti ilé. FEMA fúnra rẹ̀ ṣírò pé omi tí ó ga ní ínǹṣì kan ṣoṣo lè ba nǹkan jẹ́ dé dọ́là 25,000. Bí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fún ènìyàn láti kọ ìwé ẹ̀rí ohun tí ó bàjẹ́, kò sì rọrùn láti máa fi orí ka ẹrù nígbà náà.