Ọmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọdún 2024 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí òfin ti jáde ní oṣù kẹta ọdún náà pé àwọn tó bá tìtorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Báyìí ni ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ṣe wá sọ́dọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lọ tí bẹ́ẹ̀dì tún ń tutù láràárọ̀. Ìyá wa àgbà ní kí a so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn atọ̀ọ́lé nígbà tiwọn, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi orin lé e kiri àdúgbò. Èmi kò gbà. Olùkọ́ rẹ̀ ló júwe onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọdé kan fún wa.

Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ béèrè ni bóyá a ti yẹ ìtọ̀ ọmọ wò, nítorí àrùn àpò ìtọ̀, àtọ̀gbẹ, kódà àìrí ìgbẹ́ yà dáadáa, lè fa ohun kan náà. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí àrùn kankan, ó ṣàlàyé pé ọmọ tí kò tíì ṣíwọ́ títọ̀ sílé rí yàtọ̀ sí èyí tó ti ṣíwọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ti ẹni kejì yìí, ó yẹ ká wádìí ohun tó yí padà nínú ilé. Ó wá bi wá ní ohun tí a sọ fún ọmọ nípa ìyá rẹ̀. Ìyá wa fèsì pé òun máa ń sọ fún un pé Sátidé ni mọ́mì rẹ̀ ń bọ̀. Gbogbo Sátidé ni ọmọ sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a sọ òótọ́ fún un: ìlú tí ìyá rẹ̀ wà, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, pé kì í ṣe nítorí ohunkóhun tí ọmọ ṣe ló fi lọ, àti pé a kò tíì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Èyí tó kẹ́yìn yìí bí Ìyá nínú púpọ̀. Ó tún ní kí a má nà án, kí a má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹni tó sùn kò mọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe. Kí a má fi omi dù ú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kí tíì àti ẹlẹ́rìndòdò kúrò nínú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fẹ́ kí a máa fún un lẹ́bùn tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ibùsùn gbẹ, nítorí kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Títọ̀ kó tó sùn àti bíbá wa ká aṣọ ibùsùn ló ní kí a máa yìn ín fún. Ó ti dínkù gan-an báyìí, àfi tí ìdánwò bá ń bọ̀.

Láti Leeds

Ẹ ṣé, àǹtí. Ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ lèmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe ilé ni mo ń sunkún, títí ọmọ mi obìnrin kò fi wá sídìí fóònù mọ́. Nígbà tí mi ò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò sì wù mí fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, mo fi orúkọ ara mi sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ètò ìlera ìjọba tí èèyàn ti ń bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìdààmú ọkàn. Ní England, kò pọn dandan kí dókítà júwe èèyàn síbẹ̀. Ẹni tó gbà mí níyànjú ní ọmọ náà kò sá fún mi, iṣẹ́ pípẹ̀tù sí mi nínú ló ń sá fún. Ó ní kí n gbé ẹkún mi lọ bá àgbàlagbà, kí n sì máa bi ọmọ ní ohun kéékèèké: kí lo jẹ, ta lo jókòó tì ní kíláàsì? Ó ti ń pè mí fúnra rẹ̀ báyìí.

Láti Òṣogbo

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ sétí nígbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi délẹ̀. Wèrè ló kàn ń rò. Mo rán an létí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé nínú àwọn abúlé ìtòsí, tí ìbátan kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ̀ lé wọn láti máa se oúnjẹ fún wọn àti láti mú wọn lọ gbàtọ́jú láàárọ̀. Ìyẹn ló mú kó bá wa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ìyá ọmọ náà ń pè é? Tiwa kì í sùn bí wọ́n bá pè lálẹ́.

Láti Ìbàdàn

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n, nígbà tó bá ti jẹun tán. Onímọ̀ náà ló ní kí ó ṣì ráyè ṣeré lẹ́yìn ìpè kó tó lọ sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò yẹn, ó máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́, a ó sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ ní aago mẹ́rin náà.