Ìròyìn ojúṣe ilé iṣẹ́ wa ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí mi ò bá fẹ́ parọ́?

Alákọsílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ọdún kẹfà mi rèé nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, àti ìpara. Ẹ̀ka tó ń di ọjà ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń wò ó bóyá ọ̀rá lẹ̀ dáadáa, bóyá ó ń jò, bóyá ọjọ́ tí a tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ṣeé kà. Lóṣù tó kọjá ni ọ̀gá àgbà pè mí, wọ́n ní kí n bọ́ sí ọ́fíìsì lókè, pé èmi ni n ó máa kọ ìròyìn ọdọọdún lórí ojúṣe wa sí àwùjọ àti sí àyíká. Inú mi dùn gan-an.

Wọ́n gbé tọdún tó kọjá lé mi lọ́wọ́ pé kí n tẹ̀lé ìlà rẹ̀. Ojú ìwé 44 ni. Láti ìkínní dé ìkẹwàá, àwòrán ni: àwọn ọmọdé tó di ìwé tí a fún wọn mú, àwọn obìnrin tí a kọ́ níṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá wa tó mú ṣọ́bìrì, tó ń gbin igi. Mi ò kẹ́gàn èyíkéyìí nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a pín ìwé. Ọmọ kan ṣí tirẹ̀, ó gbé e símú, ó gbọ́ òórùn ìwé tuntun, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbàgbé ojú rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rá kékeré tí a ń di ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí, tí ènìyàn ń fà ya lẹ́ẹ̀kan tó sì ń sọ nù, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní nínú gbogbo ìwé náà, lójú ìwé 31: “A ti dín ike inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kù ní ìdá 10 nínú 100.” Òótọ́ ni. Mo wà lára àwọn tó ṣe é. Gíráàmù 3 la mú wá sí 2.7, ó sì gbà wá lóṣù méje kó tó di pé kò ya mọ́ lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò yẹn kan náà, iye ọ̀rá tí a tà kúrò ní mílíọ̀nù 100, ó di mílíọ̀nù 130. (Mo yí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé iṣẹ́ wa mọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.) Ẹ bá mi ṣírò ó: tọ́ọ̀nù 300 ti di 351. Ike tí à ń tú sáyé pọ̀ sí i, ẹni tó bá ka ìwé wa yóò sì dìde lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó dínkù.

Mo bi ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó bóyá mo lè fi nọ́ńbà méjèèjì síbẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló máa béèrè?” Wọn ò bínú o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni ń la ọ̀nà han àbúrò. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ kan, omi ò rọ́nà lọ lẹ́yìn ilé, mo bá fi igi tú ẹnu gọ́tà. Ọ̀rá ni mo ń fà jáde. Mo gbé ọ̀kan, mo nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, mo ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rọ kẹrin. Ẹ̀rọ tí mo dúró tì fún odindi ọdún mẹ́ta. Ó ti lé lọ́dún méjì tí a ti ṣe ọ̀rá náà, àwọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣá.

Mo sì mọ ìdí tí kò fi sẹ́ni tó ń ṣà á. Ìpele mẹ́ta ni: ike lóde, alumíníọ̀mù tín-ín-rín láàárín, ike mìíràn nínú. A lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ọ̀rinrin má baà wọ inú ọṣẹ, kí òórùn rẹ̀ má sì jáde. Bí a ṣe lẹ̀ ẹ́ tó fi dáàbò bo ọjà yẹn náà ni kò jẹ́ kó ṣeé tú palẹ̀ kí wọ́n yọ́ ọ ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń ṣa ike kiri máa ń bẹ̀rẹ̀ mú ìgò, wọn a sì fo ti wa kọjá.

Ìbéèrè mi rèé. Kí ló yẹ kó ṣíwájú nínú irú ìròyìn yìí? Nọ́ńbà wo ni mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó sọnù? Báwo sì ni mo ṣe lè gbé e síwájú ọ̀gá láì dà bí ẹni tó ń ba ibi tó ti ń jẹun jẹ́?

Baba Ẹ̀rọ

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 34 ni mo lò nídìí ẹ̀rọ ọṣẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi dùn pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n gbé ìwé yìí fún.

Kọ àpapọ̀ kí o tó kọ ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gọ́tà tí o tú yẹn, kì í ṣe ìdá 10 nínú 100 ló dí i. Tọ́ọ̀nù 300, tọ́ọ̀nù 351, gíráàmù 3, gíráàmù 2.7, mílíọ̀nù 100, mílíọ̀nù 130: kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì kan, kí ẹ sì fi ọdún kan ṣe ìpìlẹ̀ tí ẹ kò ní yí padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Èkejì, má ṣe dúró sẹ́nu géètì fakitọ́rì. Ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, GHG Protocol, ọdún 2001 ló kọ́kọ́ jáde, ó sì pín in sọ́nà mẹ́ta: ohun tí àwa fúnra wa ń jó, iná tí à ń rà, àti gbogbo ìyókù. “Gbogbo ìyókù” yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ìlànà tirẹ̀ jáde lọ́dún 2011, ó ní ìsọ̀rí 15. Ìkọkànlá ni bí oníbàárà ṣe ń lo ọjà, ìkejìlá ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà lẹ́yìn tó sọ ọ́ nù. Fún àwa oníṣẹ́ ọṣẹ, ìkọkànlá wúwo ju fakitọ́rì wa lọ fíìfíì níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fi omi gbígbóná wẹ̀ tàbí fọṣọ. Ní 2010, Unilever kéde pé àwọn fẹ́ dín ìpalára tí ṣíṣe àti lílo ọjà àwọn ń ṣe fún àyíká kù sí ìdajì kó tó di 2020, wọ́n sì ka omi gbígbóná oníbàárà mọ́ ọn. Apá yẹn ò gbọ́ tiwọn. Wọ́n kọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sún un di 2030. Mo bọ̀wọ̀ fún kíkọ tí wọ́n kọ ọ́ jáde ju ìlérí náà lọ.

Tí nọ́ńbà 7 bá wà nínú àmì onígun mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rá yín, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀rí pé ó ṣeé yọ́ lò. Ẹgbẹ́ àwọn oníke ní Amẹ́ríkà ló gbé àmì yẹn jáde lọ́dún 1988 láti fi mọ irú ike tí ó jẹ́, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. 7 túmọ̀ sí “òmíràn.”

Àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí rántí ọ̀rọ̀ fọ́sífétì, èròjà kan tí wọ́n máa ń fi sínú ọṣẹ ìfọṣọ. Ó máa ń jẹ́ kí ọṣẹ ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi líle, ìyẹn omi tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀. Nígbà tó dé inú adágún omi, ó di oúnjẹ fún ewéko inú omi. Ewéko náà gba ojú Lake Erie, láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, nígbà tó sì kú, jíjẹrà rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí. Àwọn ilé iṣẹ́ jiyàn títí. Ní 1970 ni Kánádà fi òfin bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ìmọ̀ tí a fi pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọṣẹ kì í ṣe ohun tó já bọ́ láti ọ̀run lọ́jọ́ tí òfin dé. Sọ ìyẹn fún ọ̀gá rẹ.

Olùrajà

Èmi ni mo ń ra epo fún ilé iṣẹ́ kan tó jọ tiyín, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni n ó fi kún un.

Wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa epo pupa àti àdín tó wà nínú ọṣẹ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti kọ “epo wa ní ìwé ẹ̀rí.” Ẹ̀rí wo? RSPO, àjọ tó ń rí sí ìwé ẹ̀rí epo ọ̀pẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, ní ọ̀nà mẹ́rin. Nínú èkínní, a mọ oko tí epo ti wá gan-an. Nínú èkejì, epo tó ní ẹ̀rí ò dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò ní, bó tilẹ̀ wá láti oko púpọ̀. Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n dà wọ́n pọ̀ nínú táńkì, ìṣirò ìwé ló ń sọ pé iye báyìí ní ẹ̀rí. Nínú ẹ̀kẹrin, ìwé nìkan lo rà: epo tó wọ ilé iṣẹ́ rẹ lè ti ibikíbi wá, owó rẹ ló lọ bá àgbẹ̀ tó ń ṣe é dáadáa níbòmíràn. Mi ò sọ pé ẹ̀kẹrin burú. Ibẹ̀ làwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka “epo wa ní ìwé ẹ̀rí” rò pé èkínní ni. Kọ èyí tó jẹ́.

Ìyá Ọlọ́jà

Ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí o kọ, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n mò ń ta ọjà yín, mo sì mọ ẹni tó ń ra ọ̀rá kékeré yẹn. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó agolo ńlá ni. Tí ẹ bá pa ọ̀rá kékeré run lọ́la, aṣọ àwọn ọmọ ta ni kò ní mọ́? Ẹ má fi ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ru aláìní. Nínú ìròyìn rẹ, rí i pé ẹni tó rà á kọ́ lò ń bá wí.

Oníṣirò

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́jà ṣe pàtàkì, òun gan-an ló sì fi hàn pé lọ́dọ̀ ẹni tó yan irú ọ̀rá náà ni ojúṣe wà. Oníbàárà ò yan ìpele mẹ́ta. Ọgbọ́n yìí ni Jámánì lò lọ́dún 1991, nígbà tí òfin wọn sọ pé ẹni tó gbé ohun ìdìjà sọ́jà ni yóò ru ìnáwó kíkó o padà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti tẹ̀lé e.

Alákọsílẹ̀, tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé ta ló máa béèrè, dá a lóhùn báyìí. Unilever ti sọ pé àwọn yóò dín ike tuntun kù sí ìdajì kó tó di 2025. Ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di ìdá 30 nínú 100 kó tó di 2026. Coca-Cola náà ti sọ ní 2022 pé ìdá 25 nínú 100 ohun mímu àwọn yóò wà nínú ìgò tí a ń kún lákọ̀tun kó tó di 2030. Nígbà tí ètò tuntun wọn jáde ní Oṣù Kejìlá 2024, kò sí ìlérí náà níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ló béèrè. Tí ẹ bá sì ń kó ọjà lọ sí Yúróòpù, láti ọjọ́ 27 Oṣù Kẹsàn-án 2026 ni òfin kò ní gbà kí ẹ kọ “ọ̀rẹ́ àyíká” sára ọjà láì ní ẹ̀rí tó dúró.

Gbé e lọ bá akáwó yín kí o tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Akáwó kì í fẹ́ nọ́ńbà tí ẹlòmíràn lè fà ya.

Alákọsílẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá kan. Mo ti kọ gbólóhùn kan tó ní “ìwà àwọn tó ń sọ ọ̀rá sí gọ́tà.” Mo ti yọ ọ́.

Ohun tí mo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí nìyí. Tábìlì Baba Ẹ̀rọ ti wà lójú ìwé 3, nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gbólóhùn méjì lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán àwọn ọmọ náà ṣì wà, ó kàn lọ sẹ́yìn ni. Mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi nídìí ẹ̀rọ, mo bi wọ́n bóyá irú ike kan ṣoṣo, láìsí alumíníọ̀mù, lè gbé ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, àfi kí ooru tí ẹ̀rọ fi ń lẹ̀ ẹ́ yí padà, kí ẹ̀rọ sì rọra sáré. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: a ń dán an wò, kò tíì yọrí.

Mo gbé e lọ bá akáwó wa. Wọ́n ka ojú ìwé 3 lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mú bírò, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe fúnra wọn, wọ́n sì ní àwọn yóò jókòó tì mí nípàdé. Ọjọ́rú ni.

Olùrajà, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ló kù. Ẹ̀ka tó ń ra epo níbí sọ pé àwọn ò mọ ọ̀nà wo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tiwa. Ibo ni mo ti lè rí i?

Olùrajà

Kí wọ́n mú ìwé ìsanwó tí ẹni tó tà á fún wọn fi ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ yín tẹ̀. Nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí olùtà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà méjì: IP ni èkínní, SG ni èkejì, MB ni ẹ̀kẹta. Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú rẹ̀, ìwé nìkan lẹ rà, tàbí ẹ ò ra ẹ̀rí kankan rárá. Béèrè lónìí, má dúró di Ọjọ́rú.