Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù tí màá fi máa fa ọkọ̀ láti ọjà gbàǹjo

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Houston:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan máa ń ra ọkọ̀ ní ọjà gbàǹjo níhìn-ín ní Houston, a ó sì kó wọn lọ sí èbúté kí wọ́n lè bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Títí di ìsinsìnyí, àwọn tó ní ọkọ̀ ìfàkọ̀ la ń sanwó fún, owó wọn sì ń jẹ èrè wa. Mo ti wá rí Ford F-150 kan ti ọdún 2013 lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Katy, nítòsí Houston níhìn-ín. Ẹ́ńjìnnì EcoBoost 3.5 ló wà nínú rẹ̀, ó ti rin máìlì 128,000, ọkùnrin náà sì sọ pé ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi nìkan ni òun fi ń fà. Tírélà tí a fẹ́ lò wúwo tó pọ́ùn 2,200 lófìfo. Nínú àwọn ọkọ̀ tí a máa ń rà, Toyota Highlander ló wúwo jù, ó lè tó pọ́ùn 4,300. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa lọ wo píkọ́ọ̀pù náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò, kí sì ni mo máa rí tí yóò jẹ́ kí n padà sílé láìrà á?

Mẹkáníìkì Arlington:

Àbúrò mi, kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá, ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ ṣí. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn náà, tí ó ń sọ ìwọ̀n gbogbo èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń pariwo pé F-150 EcoBoost ti ọdún yẹn lè fa pọ́ùn 11,300. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi gbogbo èlò ìfàkọ̀ sí láti ilé iṣẹ́ nìkan ni ó lè fà tó bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lára ilẹ̀kùn sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dí èèyàn lọ́wọ́. Tírélà yín àti Highlander orí rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 6,500. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ìyẹn pọ́ùn 650 sí 975. Inú iye tó wà lára ilẹ̀kùn ni a ó ti yọ ọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀yin méjèèjì àti ohunkóhun tí ẹ bá kó sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo irin ìkọ́ tó wà lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn. Ìwọ̀n méjì ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Lórí ọ̀pọ̀ F-150 ìgbà yẹn, pọ́ùn 5,000 ni èyí àkọ́kọ́, ìyẹn fún ẹni tó bá kàn so tírélà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Èkejì, tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wà fún ẹni tó bá lo ìkọ́ onírin gbọọrọ méjì tí ń pín ìwúwo náà dé orí táyà iwájú. Irú ìkọ́ yẹn ni ẹ máa nílò, nítorí náà ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ fẹ́ ná. Ẹ wo ihò tí a ń ki wáyà tírélà sí pẹ̀lú: oníhò méje ni kó jẹ́, nítorí oníhò mẹ́rin kì í gbé iná dé bíréèkì tírélà.

Ìyá Ìbejì, Sugar Land:

Ẹ gba nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni, yóò sì fi hàn yín bí àtúnṣe kan bá wà tí ilé iṣẹ́ pàṣẹ rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà gan-an, nítorí ní 2019, Ford pe F-150 ọdún 2011 sí 2013 tó ní jíà onípele mẹ́fà padà, torí pé jíà lè já wálẹ̀ sí ipele kìíní lójijì nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré. Ẹ rò ó wò kí irú èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí tírélà ń ti yín lẹ́yìn. Ní 2016 náà, wọ́n pe díẹ̀ lára ti 2013 àti 2014 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.5 yìí padà nítorí ọ́ìlì bíréèkì tó ń jò. Wọn kì í gbowó fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹni tí kò bá tíì ṣe é, n kò ní bá a dúnàádúrà títí yóò fi gbé ọkọ̀ lọ ṣe é.

Omi ló ń já mi láyà jù. Ìjì Harvey, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ri ọkọ̀ tí kò lóǹkà sínú omi ní agbègbè wa yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì fọ̀ mọ́ tónítóní tí wọ́n sì tà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìdí, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ fi àmì sí i. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo irin abẹ́ ìjókòó àti wáyà tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì. Ojú òpó NICB, àjọ tó ń gbógun ti olè ọkọ̀ àti jìbìtì adójútòfò, náà máa ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ti jí ọkọ̀ rí, tàbí bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti kà á sí èyí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Bí ó bá ní ọkọ̀ òun ti yege àyẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2025, Texas kò fi dandan lé àyẹ̀wò ààbò fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò mọ́. Àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní agbègbè Houston, ṣùgbọ́n èéfín kò sọ bí bíréèkì ṣe rí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu ba ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ọkùnrin náà ń fà. Ẹ bi í léèrè bóyá inú adágún odò ni ó máa ń gbé e sí tàbí inú òkun ní Galveston. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀yìn sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sétí òkun máa ń ti táyà ẹ̀yìn bọ inú omi iyọ̀, iyọ̀ sì máa ń jẹ páìpù bíréèkì, spíríǹgì àti ìdí ìkọ́ kí ó tó hàn sí ara ọkọ̀ lókè. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa fi òòlù kékeré lu ṣaasí, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ara ọkọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le máa ń dún gan-an. Èyí tí ó bá ti dógùn-ún wọnú yóò dún bọ̀lọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ ọkọ̀ náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń bò. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì de irin ìkọ́ mọ́ ṣaasí, bóyá ó ti là tàbí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ sí i.

Ẹ sọ fún un pé kí ó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá débẹ̀. Bí ó bá ti gbóná, ẹ dúró kí ó tutù. Lórí EcoBoost yìí, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó ti gùn máa ń pariwo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a bá tan ọkọ̀ tútù, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, owó àtúnṣe rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání. Bí kò bá sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó sọ pé àyẹ̀wò inú ọkọ̀ náà kò tíì parí, a jẹ́ pé ẹnìkan ti nu àṣìṣe kúrò láìpẹ́.

Ilẹ̀ Houston tẹ́jú, kò sí òkè tí ẹ lè fi dán jíà wò, nítorí náà ẹ wá àwọn afárá gíga tó gun orí ara wọn ní ọ̀nà I-10. Ẹ gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ ń gbọ̀n tàbí bóyá jíà ń yọ̀. Bí ó bá gbà fún yín, ẹ so tírélà yín mọ́ ọn kí ẹ fi dán an wò.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Houston:

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti màmá wa. Mo ti pè é. Ó ní òun kò ní tan ọkọ̀ náà, ó sì sọ pé adágún Conroe ni òun máa ń lọ. Ó fi nọ́ńbà VIN ránṣẹ́, NHTSA sì fi hàn pé kò sí àtúnṣe tó ṣẹ́kù. Àwòrán òpó ilẹ̀kùn tó fi ránṣẹ́ sọ pé pọ́ùn 1,420 ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ pọ́ùn 380. Ṣé ó tó?

Mẹkáníìkì Arlington:

Ó tó, ṣùgbọ́n àlàfo tó kù kò pọ̀. Bí ẹ bá yọ ìwọ̀n yín kúrò, 1,040 ló kù; ìkọ́ onírin méjì náà fúnra rẹ̀ lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pọ́ùn 975 ló tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ tún ọkọ̀ tó wà lórí tírélà tò títí tí ohun tó ń tẹ ìkọ́ yóò fi wà nítòsí pọ́ùn 780. Ẹ má tì í sẹ́yìn títí tí kò fi ní tó 650 mọ́, nítorí tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà. Àpótí irinṣẹ́ àti táyà àfikún, orí tírélà ni kí ẹ kó wọn sí, ní ọ̀gangan òkè táyà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kí ẹ sì ka ìwọ̀n wọn mọ́ ti tírélà. Bí ẹ bá sì ń lọ gba ọkọ̀ tó wúwo ju Highlander lọ, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín lọ.