“Ìfọ́”, “ìyapele” tàbí “ìyàpele”?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú dábàá fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa pé kí “ìfọ́” dúró fún gbogbo ọ̀nà tí àtòlẹ̀ káábọ̀nù fi ń bàjẹ́. (Àtòlẹ̀ ni a ti fẹnu kò sí fún fáíbà tí a tò ní ìpele-ìpele, tí a fi rẹ́sìn lẹ̀ pọ̀.) Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ìkòkò ló ń fọ́. Okùn ń já, aṣọ ń ya, ògiri ń lanu. Àtòlẹ̀ lè ṣe bí okùn, kó tún ṣe bí ògiri, lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpele 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó nǹkan bíi 0.125 mm. A tò wọ́n ní 0, 45, −45, 90 (ìyẹn iye digírì tí fáíbà wọn fi yà kúrò ní ọ̀nà tí a ń fà á sí), a sì dá a padà: 90, −45, 45, 0. Bí a kò bá dá a padà, á wọ́ nígbà tó bá ń tutù láti inú ààrò 180 °C, torí pé fáíbà kì í sún kì bíi rẹ́sìn. Ní ọ̀nà tí fáíbà gbà, ìpele kan lè gba ìfà tó ju 1,500 MPa lọ (MPa ni a fi ń wọn ìfà lórí ààyè kan). Ní ìbú, nǹkan bíi 50 péré ni, nítorí rẹ́sìn ló ń dá gbé e níbẹ̀. Nítorí náà, ìpele 90 ló kọ́kọ́ ń sán. “Ìlanu” ni kí a pè é. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ògiri àti aláǹgbá. Omi ni aláǹgbá tibí.

Láti ẹnu ìlanu, tàbí níbi tí nǹkan ti já lù ú, ni ìpele kan ti ń yà kúrò lára èkejì. “Ìbó” tí àwọn kan fẹ́ kò bá a mu: èèpo tó bó, ojú rí i. Bí irin iṣẹ́ bá já bọ́ sórí àtòlẹ̀, òkè lè má ní ju àpá kékeré kan lọ, kí inú ti yà lọ rẹrẹ. “Ìyàpele” ni tèmi, pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti “ìyàtọ̀”. Ẹni tó kọ “ìyapele” ti sọ pé ó ya bí aṣọ. Ìbáà ṣe ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ní Ìpakòdò ní Ìkòròdú níbí (fáíbà gíláàsì ni ìyẹn), ìbáà ṣe ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi owó onírin kàn án: ibi tó dára á dún kọ́-kọ́, ibi tó yà á dún bọ̀-bọ̀.

“Ìjá” fún fáíbà fúnra rẹ̀, mi ò rò pé ó ní àríyànjiyàn.

*

Èsì láti Ẹpẹ:

Mo gba “ìyàpele”, àmì orí rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìfà nìkan lẹ sọ, ẹ ò sọ ìtẹ̀, ìyẹn kí a tì í mọ́ra láti orí àti ìdí. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ nàró, kí ẹ fi orí rẹ̀ tẹlẹ̀: kò sí èyí tó já nínú àwọn ẹyọ ọwọ̀, gbogbo wọn ló dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni fáíbà tí kò nípọn ju máíkírómítà 5 sí 7 lọ ṣe ń ṣe, rẹ́sìn sì ni okùn tó dì í. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti mú rẹ́sìn rọ̀, tàbí tí fáíbà ti wọ́ látìgbà títò, kíá ló ń ká. Ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ sí ìtẹ̀ fi máa ń kéré sí ti ìfà. Mo dábàá “ìkákò”.

Ìkákò yìí gan-an ló ń fi ewu ìyàpele hàn. Ìpele 8 tó yà sí 4 àti 4: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti di ìdajì ní nínípọn, líle rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti wọ́, sì di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Méjèèjì papọ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní “líle”, n ò ní “agbára”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká da méjèèjì pọ̀ mọ́ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.