Èmi àti bàbá àwọn ọmọ jọ ṣe dáyẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ló rù

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí o. Àtọdún tuntun la ti jọ pa ẹ̀bà alẹ́ tì, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja là ń jẹ, ọwọ́ èmi yìí náà ló ń bù ú. Ó ti lu ihò míì sí bẹ́líìtì ẹ̀, èmi, síìpù síkẹ́ẹ̀tì ò gòkè. Ó wá ní mò ń yọ́ jẹun lóru.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ṣé ẹ ò wá ń yọ́ jẹ ẹ́ lóòótọ́ 😂

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run ń gbọ́ ẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Iṣan ọkùnrin pọ̀ ju tiwa lọ, iṣan ló sì ń jó oúnjẹ kódà béèyàn bá sùn. Ikùn lọ̀rá tiwọn ń kó sí, ìyẹn máa ń tètè yọ́, tiwa ń lọ sí ìdí àti itan, kì í gbọ̀ràn bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ á dẹ́kun nǹkan oṣù ná, ikùn ló ń bọ̀ wá bá àwa náà. Bí àyíká ikùn ọkùnrin bá ti lé ní 94 sẹ̀ntímítà, tobìnrin lé ní 80, ẹ ṣọ́ra.

Àbíkẹ́ Peckham: Tèmi, wàhálà ni. Mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mò ń kàwé, búrẹ́dì lásán ni mò ń rí jẹ, bí mi ò ṣe rí nǹkan oṣù mọ́ nìyẹn. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú ní wọ́n ti so ó. Dókítà ní ebi àti wàhálà ni. Mo fiṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, mo ń jẹun, ó padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà, tiẹ̀, bíà àti ìbínú ló yọrí sí.

Baba Sùúrù: Ẹ má fojú di ayé o.

Àbíkẹ́ Peckham: Bàbá, oúnjẹ là ń sọ.

Alhaji Kékeré: Èmi bówó bá ti há, oúnjẹ ò kọjá ọ̀fun. Ìyàwó mi á kó gààrí àti ẹ̀pà síwájú. Òun ní mi ò dá sí i, èmi ní kò bìkítà, ìjà dé.

Ìyá Ìbejì: Ọkùnrin tí kì í jẹun, ọtí tó ń mu ńkọ́, ṣé omi ni?

Tísà: Télọ̀ mi ò mọ sẹ̀ntímítà, ínṣì ló ń lò.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: 37 fún yín, 31 àti ààbọ̀ fún ìyàwó.

Tísà: 31! Èmi kọ́ ni máa gbé téèpù yẹn wọlé.