Mo ti ń gba abẹ́rẹ́ sífílísì, ọkọ mi ò gbà láti lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní sífílísì, àrùn tí èèyàn ń kó nípa ìbálòpọ̀, wà níbẹ̀. Kò sí egbò, kò sí ibi tó ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì, ó ní ó ku méjì, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni màá máa gbà á, kí n sì mú ọkọ mi wá. Látìgbà tí mo ti sọ fún un ni kò ti fọwọ́ kan oúnjẹ mi mọ́. Ó ní ara òun le, kí n lọ wádìí ibi tí mo ti kó o. Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn. Ṣé kí n sọ fún ìyá rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ o! Bó bá ti gbọ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́ nìyẹn, ọkọ rẹ ò sì ní lọ mọ́ láéláé.

Bàbá Bọ́lá, Ṣágámù: Àgbo wà fún un. Ìyá kan ń tà á ní gáréèjì.

Nọ́ọ̀sì, Ìkẹ́nnẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti àgbo. Pẹnisilíìnì nìkan la mọ̀ tó ń dáàbò bo ọmọ inú. Láìsí i, oyún lè wálẹ̀, ọmọ sì lè kú sínú. Àǹtí, ẹ má fo ọ̀sẹ̀ kankan, torí wọ́n á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ní ti ọkọ yín, egbò sífílísì kì í sábà dunni, ó máa ń jinná fúnra rẹ̀, àrùn náà á wá sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè ti ní i kí ẹ tó mọra. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ ẹni tó kó o wálé. Bí ẹ̀yin nìkan bá gbàtọ́jú, ẹ lè tún kó o lára rẹ̀. Ẹ má bá ara yín lò pọ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì á fi gba abẹ́rẹ́ tán, tí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan á sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì yín fúnra rẹ̀ pè é. Bí ojú bá ń tì í ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù, kó ṣe ti HIV mọ́ ọn.

Bàbá Ayọ̀, Òdògbólú: Wọ́n pe èmi náà nígbà tí ìyàwó mi lóyún. Inú bí mi gan-an. Dókítà ló ní ká jọ wọlé, ó ṣàlàyé fún wa pọ̀, n ò bi ìyàwó mi léèrè mọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ta o, àmọ́ mo gbà á.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá ní kí nọ́ọ̀sì pè é. Ṣé wọ́n máa yẹ ọmọ náà wò tí mo bá bí i?

Nọ́ọ̀sì, Ìkẹ́nnẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ tọ́jú káàdì tí wọ́n kọ déètì abẹ́rẹ́ yín sí, kí ẹ mú un dání lọ́jọ́ ìrọbí.